Iléèwé "International": Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀ Gan-an?

Lọ́dún 2024, Charterhouse, iléèwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1611, ṣí ẹ̀ka kan ní Èkó. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé owó ọdún kan fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 40 náírà, ni ariwo bá ta. Nínú ìlú Èkó kan náà, ẹ lè rí ilé oní-kíláàsì mẹ́fà tí wọ́n kọ "International Nursery and Primary School" sára ògiri rẹ̀, tí owó sáà kan níbẹ̀ kò tó owó táyà ọkọ̀ mẹ́rin. Ẹ sì tún lè gbọ́ pé ọmọ mẹkáníìkì kan rí àyè sí iléèwé "international" ní Eswatini, lápá gúúsù Áfíríkà, àti pé bàbá rẹ̀ kò ní san ju ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká lọ. Orúkọ kan, owó mẹ́ta tí kò jọra rárá.

Ohun tó ń rú òbí lójú ni pé iye tó wà nínú bíìlì nìkan ló ń rí. Kì í rí iye tí iléèwé ń ná lórí ọmọ kan. Iye méjèèjì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Àlàfo tó wà láàárín wọn, àti ẹni tó ń dí àlàfo náà, ló ń fi irú iléèwé tó jẹ́ hàn. Waterford Kamhlaba ní Eswatini la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú àlàyé yìí, torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ kó wá síbẹ̀ kò ní lówó lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní iléèwé "international"?

Kò sí ìjọba tàbí àjọ kan lágbàáyé tó ni orúkọ yìí. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ni iléèwé aládàáni ti ń gba àṣẹ. Ìwé àṣẹ yẹn ló sọ ọ́ di iléèwé. "International" tó wà lára pátákó kò bù kún un, kò sì yọ kúrò lára rẹ̀. Torí náà, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà mìíràn, ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Iléèwé náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ètò Cambridge tàbí ti International Baccalaureate, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní IB, tí àjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Geneva ní 1968. Ọdún méjì ni dípúlómà IB. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni ọmọ máa ń mú, mẹ́ta nínú rẹ̀ sábà máa ń wà ní ìpele gíga. Ó máa kọ àròkọ ìwádìí kan tí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 4,000 lọ, ó sì tún máa ṣe iṣẹ́ ìlú àti eré ìdárayá tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Máàkì tó ga jù lọ ni 45. Iléèwé kò kàn lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti ń kọ́ IB. Ó ní láti béèrè, kó kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kó máa san owó fún àjọ náà lọ́dọọdún.

Nígbà mìíràn, irú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ. American International School of Lagos, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, jẹ́ irú èyí: àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láti òkè òkun ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀. Ibi iṣẹ́ bàbá tàbí ìyá ló sábà máa ń san owó irú iléèwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òbí fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ó wà lára ìdí tí owó wọn fi ń ga: ẹni tó ń fọwọ́ sí bíìlì kọ́ ló ń san án.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èrò tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, pé kí àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò sọ èdè kan náà jókòó pa pọ̀, kí wọ́n jẹun pa pọ̀, kí wọ́n sì mọ ara wọn. Ọ̀nà yìí ni Waterford gbà wọlé.

Báwo ni Waterford ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní 1953, ìjọba South Africa ṣe òfin tí wọ́n pè ní Bantu Education. Òfin náà gba ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjọ Kristẹni, ó sì gé e kúrú sí èyí tí yóò kàn sọ ọmọ dúdú di òṣìṣẹ́ lábẹ́ aláwọ̀ funfun. St Peter's ní Rosettenville, ní Johannesburg, wà lára àwọn iléèwé tó yàn láti ti ilẹ̀kùn dípò kó tẹ̀ lé òfin náà. Ibẹ̀ ni Oliver Tambo, tó di olórí ẹgbẹ́ ANC tó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, ti kàwé, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe olùkọ́. Lẹ́yìn tó kógbá wọlé, wọ́n lo ilé rẹ̀ fún iléèwé mìíràn, St Martin's, fún àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun nìkan. Olùkọ́ kan láti Ìlú Ọba, Michael Stern, ló di ọ̀gá iléèwé níbẹ̀.

Stern kò lè fara mọ́ ọn. Ó fẹ́ iléèwé tí ọmọ dúdú, ọmọ funfun, ọmọ Íńdíà àti ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ àdàlù yóò ti jókòó nínú kíláàsì kan, kí wọ́n sì sùn nínú yàrá kan. Òfin kò gbà á ní South Africa. Ṣùgbọ́n Swaziland, tó ń jẹ́ Eswatini láti 2018, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà nígbà náà. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò dé ibẹ̀. Lórí òkè kan nítòsí Mbabane, olú ìlú ibẹ̀, ni Stern tẹ iléèwé náà dó sí, ó sì ṣí i ní 1963 pẹ̀lú ọmọkùnrin 16.

Lọ́dún 1967, Ọba Sobhuza Kejì fún iléèwé náà ní orúkọ Kamhlaba. Ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ayé àti ilẹ̀: pé ọmọ ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wa, láìka àwọ̀ sí. Ní 1981, iléèwé náà wọ ẹgbẹ́ United World Colleges, tí wọ́n ń pè ní UWC, òun ló sì ṣe ìkẹrin. Ìlú Wales ni àkọ́kọ́ ti ṣí ní 1962, látinú èrò olùkọ́ ọmọ Jámánì kan, Kurt Hahn. Lónìí iléèwé 18 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹlẹ́kejì ní Áfíríkà ni UWC East Africa ní Tanzania, tó wọlé ní 2019.

Ìgbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó lọ síbẹ̀ la máa rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ owó. Zenani àti Zindzi, àwọn ọmọ Nelson Mandela, kàwé ní Waterford. Àwọn ọmọ Desmond Tutu, bíṣọ́ọ̀bù tó tako ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, náà kàwé níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n Robben Island, ta ni kí iléèwé kọ bíìlì sí? Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè yẹn ti wà lórí tábìlì àwọn tó ń bójú tó owó iléèwé náà, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Owó wo ló kọ́ ọ, owó wo ló ń gbé e ró?

Irú owó méjì ló wà, àṣìṣe tó sì pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ń wá látinú pípò wọ́n pọ̀. Èkínní ni owó ìkọ́lé: ilẹ̀, kíláàsì, ilé oúnjẹ, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ná an. Èkejì ni owó ìgbọ́bùkátà: owó oṣù, iná, omi, oúnjẹ, ìwé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná ìyẹn.

Kò sí ìjọba tàbí ìjọ Kristẹni kan tó tẹ́ pẹpẹ owó sílẹ̀ de Waterford. Ọwọ́ àwọn èèyàn tó kórìíra ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ní Ìlú Ọba àti ní South Africa fúnra rẹ̀, ni owó ìkọ́lé ti ń wá. Pancho Guedes, ayàwòrán-ilé tó ń gbé Mozambique, ló ya àwòrán àwọn ilé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà.

Lọ́dún 1963 yẹn kan náà, International School Ìbàdàn ṣí lórí ilẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn. Owó Ford Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà, àti ti ìjọba Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ USAID, àjọ rẹ̀ tó ń ṣèrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, wà lára ohun tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Àwọn iléèwé méjèèjì jọ rí owó ìkọ́lé gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà lókèèrè. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Ti Ìbàdàn ní yunifásítì kan tó ni ín, tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ní ọmọ tí wọ́n máa mú wá. Ti Swaziland ní láti máa wá ọmọ, kó sì máa wá owó, láti ìlú mìíràn.

Ẹni tó bá kọ́ gbọ̀ngàn fún iléèwé kì í san owó iná gbọ̀ngàn náà. Òun kọ́ ló máa kun ún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òun kọ́ ló sì máa pààrọ̀ páànù rẹ̀. Ẹ̀bùn tó ní iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un kò ṣeé gbé lọ sórí nǹkan mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí àbúrò yín bá fi owó ránṣẹ́ láti London pé kí ẹ fi tún òrùlé ilé bàbá yín ṣe: kódà bí ọmọ yín bá wà nílé nítorí owó iléèwé, owó òrùlé kọ́ ni ẹ máa fi san án. Ìdí nìyí tí iléèwé fi lè ní ilé tuntun tó ń dán lóòrùn, kó sì jẹ olùkọ́ lówó oṣù méjì.

Èló ni ọmọ kan ń ná iléèwé?

Owó oṣù àti ohun tó so mọ́ ọn ló ń gbé ju ìdajì ìnáwó lọ ní ọ̀pọ̀ iléèwé irú èyí. Olùkọ́ tí wọ́n gbà wá láti òkè òkun kì í gba owó oṣù nìkan. Wọ́n ń fún un nílé, owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé àti padà, ètò ìlera, àti àyè ọ̀fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ nínú iléèwé náà. Àyè ọ̀fẹ́ yẹn kì í hàn nínú ìwé owó oṣù, àmọ́ ìjókòó kan tí ẹlòmíràn ì bá sanwó lé lórí ti lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni bí kíláàsì ṣe tóbi tó. Bí ọmọ 24 bá wà nínú kíláàsì físíìsì tàbí bí mẹ́rin bá wà níbẹ̀, olùkọ́ kan náà ni wọ́n ń sanwó fún. Ètò IB fún ọmọ láǹfààní láti yan iṣẹ́ tó wù ú, ó dára púpọ̀ fún ọmọ, àmọ́ òun ló ń bí àwọn kíláàsì kékeré tó ń gbówó. Iléèwé tó bá ṣèlérí èdè mẹ́fà tó sì ní ọmọ 200 péré, ẹ bi í bó ṣe fẹ́ ṣe é.

Bí àwọn ọmọ bá ń gbé inú iléèwé, ìṣirò náà tún yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká kà á. Sáà ọlọ́sẹ̀ 12 jẹ́ ọjọ́ 84. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọmọ kan yóò jẹ àwo oúnjẹ 252. Bí ọmọ 200 bá ń gbé ibẹ̀, àwo 50,400 ni ní sáà kan. Bí iye owó ìrẹsì àti epo bá fi náírà 50 péré kún àwo kọ̀ọ̀kan, iléèwé ti pàdánù 2,520,000 náírà kí sáà tó parí, wọn ò sì lè lọ bá òbí láàárín sáà pé kó fi kún un. Nọ́ọ̀sì alẹ́, ọdẹ, omi gbígbóná àti jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn o.

Bí ọmọ kan kò bá san, ta ló ń san?

Ẹ jẹ́ ká ro iléèwé kan tó ní ọmọ 300, tí ìnáwó rẹ̀ lọ́dún sì jẹ́ àpò owó 300. Bí gbogbo wọn bá ń san, àpò kọ̀ọ̀kan ló kàn wọ́n. Wàyí o, iléèwé náà fún ọmọ 60 láyè ọ̀fẹ́. Ìnáwó kò dín, ọmọ 240 ló kù tó ń san, àpò kan àti ìdámẹ́rin ló wá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òbí tó ń san gbogbo owó ti ń gbé ọmọ ẹlòmíràn nìyẹn, bóyá wọ́n sọ fún un tàbí wọn kò sọ. Ọ̀nà kìíní nìyẹn: kí owó àwọn tó ní máa bo ti àwọn tí kò ní. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n yẹn, àwọn tó ń san yóò kó ọmọ wọn lọ, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹlòmíràn san fún ọmọ 60 yẹn lọ́dọọdún: ilé iṣẹ́, àjọ aláàánú, àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa bẹ̀bẹ̀. Bí àjọ kan bá yí ọkàn padà ní ọdún tí ọmọ kan ṣì ní ọdún kan sí i lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, iléèwé ló máa gbé e, torí pé kò ṣeé ṣe láti lé ọmọ padà sílé láàárín ọ̀nà.

Ọ̀nà kẹta ló dára jù, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù ní Áfíríkà. Ó dà bí oko kòkó. Ẹni tó ní oko kòkó kì í gé igi rẹ̀ tà. Èso ló ń ká lọ́dọọdún. Bí iléèwé bá ní owó ńlá kan tó fi sílẹ̀ níbi tó ti ń mú èrè wá, èrè yẹn nìkan ni yóò máa ná. Àṣà àwọn tó ń ṣọ́ irú owó yìí ni pé kí wọ́n má ná ju ìdá 4 tàbí 5 nínú 100 lọ lọ́dún kan. Ìyẹn ni pé bí owó ọmọ kan bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 lọ́dún, àfi kí oko náà tó mílíọ̀nù 200 sí 250 kó tó lè gbé ọmọ kan ṣoṣo títí láé. Iye yìí ni àwọn tó máa ń sọ pé "ẹ kàn fún àwọn ọmọ tálákà láyè" kì í kà.

Ẹgbẹ́ UWC fi ohun kan kún ọ̀nà kejì. Ìlú tó ju 150 lọ ló ní ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ náà ló ń yan ọmọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ohun tí òbí lè san. Ibi tí agbára òbí bá mọ, ìgbìmọ̀ tàbí iléèwé tó gbà á ni yóò wá ìyókù. Nípa báyìí, àyè kò tẹ̀ lé owó. Owó ló ń tẹ̀ lé àyè. Ìlànà ni o. Bó ṣe ń ṣẹ sí rọ̀ mọ́ iye tí iléèwé kọ̀ọ̀kan rí kó jọ lọ́dún náà, torí náà ọmọ tó yẹ lè má rí owó, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Owó kan tún wà tí àwọn òbí kì í gbọ́ nípa rẹ̀ lákòókò. Láti ọdún 2000, Shelby Davis, olówó ọmọ Amẹ́ríkà kan, ti ń fún àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà lówó kí wọ́n lè ran àwọn ọmọ tó jáde láti UWC lọ́wọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, Princeton àti Middlebury wà nínú wọn, àwọn púpọ̀ sì ti dara pọ̀ lẹ́yìn náà. Yunifásítì ni wọ́n ń san owó náà fún, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀ kó tó kàn án.

Kí ló dé tí bíìlì fi ń fò sókè bí náírà bá ṣubú?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 470 ní báńkì. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,400. Ìnáwó dọ́là 1,000 tó jẹ́ nǹkan bíi 470,000 náírà ti di ohun tó lé ní 1,400,000, láìjẹ́ pé iléèwé fi ṣílè kan kún un.

Ìbéèrè tó yẹ ni pé, ìdá mélòó nínú ìnáwó iléèwé ló wà ní dọ́là tàbí pọ́n-ùn? Owó ìdánwò Cambridge, owó IB, owó oṣù olùkọ́ òkè òkun, ìwé àti ẹ̀rọ: òkèèrè ni wọ́n ti ń ná wọn. Oúnjẹ, ọdẹ, olùkọ́ ìlú, omi: náírà ni. Iléèwé tí ìdá 30 nínú 100 ìnáwó rẹ̀ wà ní dọ́là kò ní ìdí láti sọ bíìlì di ìlọ́po mẹ́ta nítorí dọ́là nìkan. Bí dọ́là bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá 30 yẹn á di 90, ìdá 70 tó kù á ṣì wà, àpapọ̀ rẹ̀ á sì di 160 dípò 100. Ọ̀wọ́n gógó ìlú yóò tún fi díẹ̀ kún un. Ẹ fi ìṣirò yìí lọ bá wọn nípàdé òbí. Ohun tó tọ́ sí yín láti béèrè ni.

Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ kìlọ̀ pé kò bófin mu láti máa fi dọ́là díye lé ọjà tàbí iṣẹ́ nínú Nàìjíríà, torí pé náírà ni owó tí òfin mọ̀.

Ní ti Eswatini, owó wọn, lilangeni, so mọ́ rándì South Africa: ọ̀kan sí ọ̀kan. Nítorí náà, bí rándì bá ṣubú sí dọ́là, owó tí àwọn aláàánú fi ránṣẹ́ láti òkè òkun máa ń pọ̀ sí i nígbà tó bá dé Mbabane. Àmọ́ òbí tó wà ní Ìbàdàn, tó ní láti fi náírà ra dọ́là kó tó di rándì, kò rí nínú àǹfààní yẹn. Ó sanwó ìpààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló wà nínú bíìlì náà?

Owó ẹ̀kọ́ ló gba ibi tó pọ̀ jù. Owó fọ́ọ̀mù kì í padà. Owó ìdógò, tí wọ́n gbà kí ọmọ má ba nǹkan jẹ́, owó yín ni títí di ọjọ́ tí ọmọ máa kúrò. Gbèsè ló jẹ́ lọ́rùn iléèwé. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ iye àti ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà sí i. Owó ìdàgbàsókè wà fún ilé àti ẹ̀rọ, kò sì yẹ kí wọ́n fi san owó oṣù. Bó bá ń yọjú lọ́dọọdún tí ẹ kò rí bíríkì kan kó gorí òmíràn, owó ẹ̀kọ́ tó yí orúkọ padà ni.

Ibo ni irú iléèwé yìí ti ń ṣubú?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni jíjẹ owó sáà tó ń bọ̀. Ẹ ro aránṣọ tó gba owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́ èèyàn 50. Owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò tíì di tirẹ̀ títí yóò fi rán aṣọ náà. Owó tí iléèwé gbà ní oṣù Kẹsàn-án gbọ́dọ̀ tó oṣù Kejìlá. Bí ọ̀gá bá fi ra bọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹwàá, yóò fẹ́ kí àwọn òbí san ti oṣù Kìíní ṣáájú Kérésìmesì, yóò sì ṣe ẹ̀dínwó fún àwọn tó bá tètè san. Ẹ̀dínwó ńlá fún sísan owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá nígbà tí kò sí àkókò rẹ̀, jẹ́ àmì pé àpò ti gbẹ.

Òmíràn ni kí ọmọ dín kù. Nínú àpẹẹrẹ ọmọ 300 wa, bí ọmọ 30 bá kúrò, ìnáwó kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, torí pé ọ̀kan tàbí méjì péré ni wọ́n mú kúrò nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ kan náà ló ṣì wà níwájú. Owó tó kù fún àwọn 270 láti san yóò fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 lékè. Àwọn iléèwé tó gbójú lé ọmọ àlejò láti òkè òkun ló ń jẹ ìyà èyí jù: bí ilé iṣẹ́ epo kan bá kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílùú, ogójì ọmọ lè lọ lóṣù kan.

Gbèsè dọ́là pẹ̀lú owó náírà náà ti wó ilé púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbójú lé aláàánú kan ṣoṣo.

Báwo ni ọmọ láti ọ̀dọ̀ wa ṣe lè dé Waterford?

Ìgbìmọ̀ UWC ti Nàìjíríà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe iléèwé náà, bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ọdún méjì IB tí ẹ sì fẹ́ ìrànlọ́wọ́ owó. Ọmọ ọdún 16 sí 18 ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú méjì wọlé. Wọ́n máa wo èsì ìwé rẹ̀, àmọ́ wọ́n máa wo ohun tó ti ṣe fún àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ń kọ́ àwọn àbúrò àdúgbò níṣirò ní ìrọ̀lẹ́ ní ohun gidi láti sọ. Ẹ má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè ra àyè fún yín. Kò sí irú rẹ̀.

Ní ti ìwé tó ń fi agbára òbí hàn, ẹ sọ òótọ́. Wọ́n máa béèrè owó oṣù, iye ọmọ, ilé, àti bí owó ọjà ṣe ń wọlé. Ìyá tó ń ta ata lè má ní ìwé owó oṣù; ìwé báńkì oṣù mẹ́fà àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ń ràn án lọ́wọ́.

Bí lẹ́tà bá dé pé wọ́n fún ọmọ lẹ́kọ̀ọ́-ọ̀fẹ́, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ọkọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún? Ṣé ìlera wà níbẹ̀? Owó ìdánwò ńkọ́, owó físà ńkọ́, níbo ni yóò gbé nígbà ìsinmi kúkúrú tí kò lè wálé? Lọ́nà, South Africa ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà, torí náà ẹ béèrè bóyá ó nílò físà ti ibẹ̀ náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí iye kan bá kù fún yín láti san, báńkì yín ló máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù A fún owó iléèwé òkè òkun. Ẹ mú lẹ́tà ìgbàwọlé àti bíìlì iléèwé dání, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, torí pé ó ń pẹ́.

Ohun kan sì wà tó sábà ń ya òbí lẹ́nu. Oṣù Kìíní ni ọdún ẹ̀kọ́ Waterford ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kọkànlá ni wọ́n sì ń ṣe ìdánwò IB ìparí. Ọmọ tó ṣe WAEC ní àárín ọdún yóò ní oṣù díẹ̀ nílé kó tó lọ. Ẹni tó bá sì parí ní oṣù Kọkànlá kò ní wọ yunifásítì Amẹ́ríkà títí di oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án ọdún kejì. Oṣù mẹ́sàn-án yẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kankan, nítorí náà ẹ ti máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ láti ìgbà tó bá ti wọ ọdún kejì níbẹ̀.